Rọ́bà sílíkónì tí wọ́n ń tà n'Ìdúmọ̀tà: ibi tó wúlò, àti ibi tó léwu

Ẹ̀yin èèyàn wa, bẹ́ ẹ bá dé Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun, kò sí bẹ́ ò ṣe ní rí i: pọ́ọ̀ṣì fóònù, orí fídà ọmọ, abọ́ tí wọ́n fi ń yan kéèkì, rọ́bà ẹnu prẹ́ṣà pọ́ọ̀tù. Sílíkónì ló pọ̀ jù nínú wọn.

Kì í ṣe rọ́bà igi tí wọ́n ń kọ l'Édó àti Oǹdó o. Kábọ́nù ló so ti igi pọ̀. Silicon, tó wà nínú yanrìn, àti ọ́síjìn ló so sílíkónì. Ìdí nìyẹn tó fi lè gba ooru tó 200 dígírì, tí òtútù fíríìsà kì í sì í mú un gan. Oòrùn tó ń sán rọ́bà lásán l'Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í tètè rí tiẹ̀ ṣe. Ẹ lè se fídà ọmọ nínú omi gbígbóná, kò ní yọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà tiẹ̀ fi ṣe ìdí bàtà tí Neil Armstrong fi tẹ òṣùpá ní 1969.

Ṣùgbọ́n ibi tó ń kọ mí lóminú rèé. Gọ́ọ̀mù sílíkónì inú túùbù, èyí tó máa ń rùn bí fínígà (ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó gan), àwọn kan ń fi dí táńkì jẹnẹrétọ̀ tó ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹntiróòlù máa ń wọ inú sílíkónì, á wú, á ṣí kúrò lára irin, bẹntiróòlù á tún máa jò. L'ádùúgbò tí ilé ti fara kan ilé bí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ẹ mọ ohun tíyẹn lè dá sílẹ̀?

Bákan náà ni rọ́bà kékeré ẹnu sílíńdà gáàsì. Gáàsì máa ń gba inú sílíkónì kọjá ju bó ṣe ń gba inú ọ̀pọ̀ rọ́bà mìíràn lọ. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé rọ́bà tí wọ́n ṣe fún gáàsì lẹ fẹ́, má jẹ́ kó fi "èyí náà máa bá a mu" tàn yín.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ojúlówó? Ẹ gé díẹ̀ lára ẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú mú un, kẹ́ ẹ tanná sí i níta gbangba. Sílíkónì máa ń fi eérú funfun sílẹ̀. Èyí tó bá yọ́, tó ń kán tótó, ike ni. Ọlọ́jà ò ní gbà kẹ́ ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù o, nítorí náà ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.