Ọmọ Tí A Rí Ní Liverpool

Ìwé kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Wuthering Heights ni orúkọ rẹ̀. Emily Brontë ni ó kọ ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1847. Orúkọ ilé ni orúkọ ìwé náà: ilé àgbẹ̀ kan tí ó dá wà lórí òkè ní Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí igi dúró ṣánṣán. Ọmọ àlùfáà ìjọ ni Emily, ní abúlé Haworth. Ó pàdánù ìyá rẹ̀ ní ọdún 1821, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Orúkọ bí ọkùnrin, Ellis Bell, ni ó fi tẹ ìwé rẹ̀, ó sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Báyìí ni ìtàn náà lọ. Ní ìgbà ìkórè kan, baálé ilé náà, Ọ̀gbẹ́ni Earnshaw, fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Liverpool. Ọgọ́ta máìlì ni àlọ, ọgọ́ta ni àbọ̀. Kí ó tó lọ, ó bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí òun yóò rà bọ̀ fún wọn. Hindley, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní gòjé ni òun fẹ́. Catherine, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́fà dáadáa, ní pàṣán ẹṣin ni tòun. Òru ọjọ́ kẹta ni bàbá dé. Ó ṣí ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, ọmọdékùnrin kan sì yọ jáde: ó dọ̀tí, aṣọ rẹ̀ ti gbó, irun rẹ̀ dúdú, ó sì ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọ́. Bàbá ní ìgboro Liverpool ni òun ti rí i, tí ebi ń pa á kú lọ, àti pé òun wá olówó rẹ̀ títí, òun kò rí i. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Emily kò fi òbí sí bàbá yìí lẹ́nu. Olówó ni ó fi sí i. A ó padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Gòjé ti fọ́ lábẹ́ ẹ̀wù, pàṣán ti sọnù lọ́nà. Ìyá ilé fẹ́ ti ọmọ náà síta. Catherine tutọ́ sí i, bàbá sì gbá a létí. Nelly, ọmọbìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, tí òun náà sì ni ó ń sọ ìtàn fún wa, gbé ọmọ náà sí orí àtẹ̀gùn, ó ń retí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti bá tirẹ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn wọ́n sọ ọ́ ní Heathcliff, orúkọ ọmọ wọn kan tí ó ti kú. Orúkọ òkú yìí nìkan ni ó jẹ́ títí òun náà fi kú. Kò ní orúkọ baba.

Ohun kan wà tí yóò sọnù bí a bá túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkùnrin, òmíràn fún obìnrin, òmíràn fún nǹkan. Ọ̀rọ̀ ti nǹkan ni wọ́n ń lò fún ọmọ yìí ní òru tí ó dé. Ní tiwa, "ó" ni ènìyàn, "ó" náà ni àga. Bí a bá fẹ́ fi àbùkù kan ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀nà mìíràn ni a ní láti wá, a kò sì ṣàì mọ̀ ọ́n.

Irú ìwé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gothic ni ìwé yìí. Horace Walpole ni ó tẹ ọ̀nà rẹ̀ ní ọdún 1764: ilé àtijọ́, òkú tí kò sinmi, àṣírí ìdílé. Ẹni tí ó ti ka ìwé Fágúnwà mọ̀ pé inú igbó ni ọdẹ ti ń bá iwin pàdé. Àwọn ará inú ìwé Gothic, abẹ́ òrùlé ara wọn ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Nítorí náà, bí ọmọ àjèjì bá wọlé ní òru, òǹkàwé ti gbà pé ibi ni ó bá a wọlé. Nelly pàápàá ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọmọ náà ti dá ìkùnsínú sílẹ̀. Charlotte, ẹ̀gbọ́n Emily, fi í wé àǹjọ̀nnú tí ó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ sí ìtẹ̀jáde ọdún 1850. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìdáhùn wọn títí di òní.

Èmi kò fara mọ́ ọn. Ní ọdún 1926, C. P. Sanger, amòfin Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde. Ó jókòó ti ìtàn yìí bí amòfin ti í jókòó ti ìwé ẹ̀rí, ó ṣírò ọjọ́ orí, ìgbà ìkórè, ìbí àti ikú, ó sì rí i pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ni a lè fún ní ọdún tirẹ̀. Ọdún 1771 ni Earnshaw rìn lọ sí Liverpool.

Irú ìlú wo ni Liverpool ní ọdún 1771? Èbúté tí ó ń rán ọkọ̀ ẹrú jáde jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ń kó aṣọ, ìbọn, irin àti ọtí lọ sí etíkun Áfíríkà. Bonny àti Calabar wà lára ibi tí wọ́n ń yà sí jù. Wọ́n ń kó ènìyàn níbẹ̀ lọ sí àwọn erékùṣù West Indies, wọ́n sì ń gbé ṣúgà bọ̀ wálé. Kí òfin tó fòpin sí òwò náà ní ọdún 1807, ọkọ̀ Liverpool ti kó ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. A tilẹ̀ ti polówó ọmọ adúláwọ̀ fún títà nínú ìwé ìròyìn ìlú náà. Ọdún 1772 ni Adájọ́ Mansfield ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹjọ́ James Somerset ní London, pé ọ̀gá kò lè fi ipá gbé ẹrú rẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ Aureol ní Èkó ní àwọn ọdún 1950 láti lọ kàwé, èbúté kan náà yìí ni wọ́n sọ̀ sí.

N kò sọ pé ọmọ Áfíríkà ni Heathcliff. Emily kò sọ bẹ́ẹ̀. Linton, aládùúgbò wọn, rò pé ó lè jẹ́ ọmọ atukọ̀ ará India, tàbí ti Amẹ́ríkà tàbí Spain. Nelly bá a ṣàwàdà pé bóyá ọba China ni baba rẹ̀. Àwọn mìíràn lóde òní ní ọmọ Ireland ni, níwọ̀n bí baba Emily ti ti Ireland wá. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé nínú ìlú tí a ti ń ta ènìyàn ni Emily ti mú ọmọ kan tí a ń wá olówó rẹ̀ kiri, ó sì mú un wọ ilé onígbàgbọ́.

Ẹ wá wo ohun tí ilé náà ṣe fún un. Earnshaw kú ní ọdún 1777. Hindley di baálé, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ náà, ó lé e lọ sí oko pẹ̀lú àwọn alágbàṣe, ó sì ń nà án. Ní ọdún 1780 Heathcliff gbọ́ tí Catherine ń sọ pé bí òun bá fẹ́ ẹ, òun tẹ́. Ó sá lọ ní òru. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó padà pẹ̀lú owó tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀. Ó bá Hindley ta tẹ́tẹ́ títí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ fi wọ ìyáwó. Hindley kú ní ọdún 1784, ilé sì di ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí àtẹ̀gùn.

Emily kò bẹ̀bẹ̀ fún un o. Ọkùnrin yìí so ajá ìyàwó rẹ̀ kọ́, ó ti ọmọbìnrin kan mọ́lé títí ó fi gbà láti fẹ́ ọmọ rẹ̀ aláìsàn. Ẹni tí ó bá ní kí a dárí jì í nítorí ìyà tí ó jẹ ní kékeré, ó ku ìdajì ìwé fún un láti kà. Ṣùgbọ́n Hareton, ọmọ Hindley, ni kí ẹ wò. Ohun tí Hindley ṣe fún Heathcliff gẹ́lẹ́ ni Heathcliff ṣe fún un: kò sí ìwé, kò sí olùkọ́, èpè ni ó kọ́kọ́ mọ̀. A gbẹ́ orúkọ baba ńlá wọn sí òkè ẹnu-ọ̀nà ilé náà, Hareton Earnshaw, pẹ̀lú ọdún 1500. Orúkọ òun gan-an ni, ojoojúmọ́ ni ó sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀ ọ́n kà.

Ọmọ Catherine, tí òun náà ń jẹ́ Catherine, wá bá wọn nínú ilé yìí. Hareton ti fi ara rẹ̀ kọ́ bí a ti ń ka orúkọ náà, ó sì kà á sí i létí. Ọmọbìnrin náà bi í pé nọ́ńbà wá ńkọ́? Kò mọ̀ ọ́n. Catherine fi í rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1802, òun kan náà ni ó wá jókòó tì í lẹ́bàá iná tí ó ń kọ́ ọ. Heathcliff wọlé bá wọn lójijì. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Hareton, ó wo ojú ewé tí ó ṣí sílẹ̀, ó sì dá a padà fún un láìsọ nǹkan kan.