Eégún Aláré àti Ìfẹ́ Ọmọ Ènìyàn sí Ohun Àrà

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá yẹ òwe yìí wò fínnífínní, ohun méjì ni ó ń tọ́ka sí. Èkíní ni pé ohun àrà wà láyé. Èkejì ni pé ó ń wu ènìyàn láti rí i. Ẹni tí ó jẹun yó, tí ó rí aṣọ wọ̀, tí ó sì ní ilé lórí, yóò tún máa wá ohun tí yóò ya òun lẹ́nu, nítorí ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ kì í pẹ́ sú u. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò lè pa oko tì, bẹ́ẹ̀ ni ìyálọ́jà kò lè fi àtẹ sílẹ̀ kí ó máa rin ìrìn àjò kiri. Ọ̀nà wo ni a ó gbà bọ́ ebi ojú wọn? Ọ̀kan nínú ìdáhùn tí àwọn Ọ̀yọ́ rí sí ìbéèrè yìí ni eégún aláré: bí ará ilé kò bá lè rìn jìnnà, kí alárìnjò gbé abuké ọ̀kẹ́rẹ́ wá bá a nílé.

Ìbẹ̀rẹ̀ Eré Náà

Inú ìsìn ni eré yìí ti ṣẹ̀. Ará ọ̀run tí ó wá bẹ ọmọ rẹ̀ wò ni egúngún; tẹ̀rùtẹ̀rù àti tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni a fi ń wò ó. Joel Adédèjì, ẹni tí ó ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí alárìnjò fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1969, ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni ó gbà dàgbà: ó kọ́kọ́ jẹ́ ìsìn, ó di ọdún, kí ó tó wá di eré. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ìbẹ̀rẹ̀ eré náà mọ́ ààfin Aláàfin, ó sì dárúkọ Ológbìn Ológbojò pẹ̀lú àwọn aṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn òjè jáde kúrò láàfin, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń pe ẹ̀sà, wọ́n ń jó bàtá, wọ́n sì ń pidán.

Ìran Ọdún 1826

Ẹ̀rí àkọsílẹ̀ tí ó ṣe kedere jù lọ nípa eré náà láyé àtijọ́ wà nínú ìwé ìrìn àjò Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1829. Òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, gba Àgbádárìgì wọlé ní ìparí ọdún 1825, wọ́n sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1826. Ibi tí Odò Ọya ń ṣàn lọ ni Clapperton fẹ́ rí. Ní oṣù Èrèlé, Aláàfin pè é kí ó wá wo eré ní pápá iwájú ààfin.

Ọ̀nà mẹ́ta ni eré ọjọ́ náà pín sí. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn òṣèré tí àpò bò láti orí dé ẹsẹ̀ bọ́ sí agbo, wọ́n jó, wọ́n sì ta òkìtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ríran dáadáa, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò sì ráyè. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá eré yọ sí wọn pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Ohun tí ó dé sórí kò ṣe é júwe: bí ó bá yíjú síhìn-ín, a dà bí kìnnìún tí ó lúgọ, bí ó bá yíjú sọ́hùn-ún, a dà bí orí ènìyàn. Òṣèré méjì rá wọ inú àpò kan ṣoṣo. Kò pẹ́ ni òjòlá yọrí láti inú àpò náà, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 14, ó ń lanu, ó ń panu dé, ó sì ń lé ọ̀gá eré láti bù ú ṣán. Ọ̀gá eré fi idà lé e sẹ́yìn títí, ó ṣe bí ẹni tí ó ṣá a ní ìrù, àwọn eégún yòókù sì gbé òjòlá tí ó ń kú lọ náà léjìká lọ sí ilé òrìṣà. Láàárín ìran kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, àwọn èrò sì ń gbè é.

Eégún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀. Ní ìkẹyìn, òṣèré kan ṣoṣo dúró láàárín agbo. Àpò ara rẹ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí funfun kan sì yọ. Igbe àwọn èrò gba gbogbo pápá kan. Nígbà tí àpò wálẹ̀ tán, òyìnbó ni wọ́n rí: ó funfun bí ìda, ó rù hangogo, òtútù ń mú un. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Àwọn èrò ń ké sí Clapperton pé kí ó wò ó dáadáa. Ó ṣe bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó tiwọn, ó sì jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì.

Kókó kan wà níhìn-ín tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ gbójú fò. Clapperton ti ilẹ̀ òkèèrè wá nítorí ohun tí ojú kò rí rí. Nígbà tí ó dé Ọ̀yọ́ Ilé, òun fúnra rẹ̀ di abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ebi kan náà ni ó ń pa àlejò àti onílé. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ohun tuntun a máa dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n òṣèré sọ ẹ̀rù di ìyanu, ó sì sọ ìyanu di ẹ̀rín. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní ọdún 1861, eégún aláré ti fi òyìnbó ṣe ẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Lẹ́yìn Tí Ọ̀yọ́ Ilé Tú

Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni Ọ̀yọ́ Ilé dahoro. Àwọn òjè bá àwọn tí ogun lé wá sí ìhà gúúsù, eré wọn kò sì parun. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóòsà tí a bí ní ọdún 1916, tẹ̀lé eégún aláré kiri nígbà èwe rẹ̀. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1944, ó ṣe eré ìjọ kan ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ní ọdún 1945, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ìlù bá yí padà, ijó náà a yí padà: agbo di orí ìtàgé, ìtàgé di sinimá. Nígbà tí fíìmù rẹ̀, Aiyé, jáde ní ọdún 1979, ẹ̀rọ àwòrán ni ó ń pa idán tí àpò àti idà ń pa níwájú Aláàfin.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn kan lè wí pé ìfẹ́ ohun tuntun ni ó sọ ìsìn di eré, tí ó sì ba ohun ọ̀wọ̀ jẹ́. Ìran ọdún 1826 kò gbe àwíjàre yìí. Ilé òrìṣà ni wọ́n gbé òjòlá lọ.  Ohun tuntun lásán, bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, a di ohun àná. Èyí tí ó ń pẹ́ lójú ni èyí tí ó bá ní ibi tí ó ti yọ. Òyìnbó tí gbogbo Ọ̀yọ́ Ilé pariwo lé lórí, inú àpò tí wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó ti jáde.