Onobrakpeya, Bruce: ayàwòrán inú ìwé

Ọmọ Urhobo ni Bruce Onobrakpeya. Wọ́n bí i ní 1932 ní Agbarha-Otor, lẹ́bàá Ughelli, ìlú tí kò jìnnà sí Warri. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria láti 1957 sí 1961. Iṣẹ́ tíṣà ló fi ń jẹun, ní St. Gregory's College, Èkó, láti 1963 títí di 1980. Àgbàṣe ló ń fi àwòrán ìwé ṣe.

Àsìkò bá a mu. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ilé ìtẹ̀wé ń wá àwòrán tí ọmọdé Nàìjíríà máa rí tí á mọ̀ pé ilé òun nìyí. Òun ló yàwòrán sínú ìwé ìtàn Cyprian Ekwensi fún àwọn ọ̀dọ́, An African Night's Entertainment (1962). Èyí tó wú ni lórí jù ni ti 1968, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ, ìwé ìtàn tí Fágúnwà kọ, sí Gẹ̀ẹ́sì, tí Onobrakpeya sì yàwòrán sí i: ìlà dúdú lórí bébà funfun lásán, síbẹ̀ àwọn ẹbọra igbó inú ìtàn náà dúró gbagidi lójú ẹni tó ń kà á.

Láti 1998 ló ti ń kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí Agbarha-Otor fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Harmattan Workshop.