Ọ̀làjú àti Ìwà Ẹ̀dá nínú Lord of the Flies

Ìwé kan wà tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti ń kà pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Lord of the Flies ni orúkọ rẹ̀. William Golding, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní 1954. Bí wọ́n bá ti kà á tán, ìbéèrè tí olùkọ́ sábà máa ń bi kíláàsì ni pé kí ni ìwé náà sọ nípa ọmọ ènìyàn. Ìdáhùn tí ó sì sábà máa ń rí gbà ni pé ìkà ni ẹ̀dá láti inú wá, pé ọ̀làjú kò ju aṣọ tí a fi bo ìkà náà lọ, àti pé bí aṣọ bá ti ya, ẹranko a yọjú. Ìdáhùn yìí kò jìnnà sí ohun tí Golding fúnra rẹ̀ sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó wà nínú ìwé náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewu sì ni kí ọ̀dọ́ gbé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kúrò ní kíláàsì.

Kí a tó wọ inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ọ́ wò. Ọ̀làjú ni kí ojú là: kí ènìyàn rìn, kí ó rí, kí ó mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ náà dárúkọ, kò dárúkọ inú. Ìwà ní tirẹ̀, láti inú "wà" ni ó ti wá. Bí ẹ̀dá ṣe wà àti bí ó ṣe ń hùwà, ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi pè é. Àdámọ́ ń bẹ nínú ìwà, ẹ̀kọ́ sì ń bẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi èdè wa bèèrè ohun tí Golding bèèrè ti ní ìbéèrè méjì lọ́wọ́: ǹjẹ́ ojú tí ó là lè mú kí inú mọ́? Àdámọ́ ni ìkà, àbí ẹnìkan ni ó ń kọ́ ni?

Àwọn ìbéèrè yìí kì í ṣe eré lójú Golding. Ní 1911 ni a bí i. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe ní Bishop Wordsworth's School, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ìlú Salisbury, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Ní 1940 ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ní oṣù kẹfà 1944, òun ni ọ̀gá nínú ọkọ̀ ogun kan tí ń yìnbọn lọ́jọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Normandy. Àwọn tí wọ́n kàwé jù lọ nílẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n kọ́ àwọn àgọ́ tí Jámánì ti pa ẹgbàágbèje ènìyàn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ṣe bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní 1945. Golding padà sí iwájú kíláàsì rẹ̀, ó sì ń wo àwọn ọmọkùnrin tí ó ń kọ́ pẹ̀lú ojú tí ó ti rí nǹkan.

Ìwé àtijọ́ kan ni ó fi ìwé rẹ̀ dá lóhùn. Ní 1857, R. M. Ballantyne kọ The Coral Island, nínú èyí tí Ralph, Jack àti Peterkin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, bọ́ sí erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì. Inú àwọn mẹ́ta náà mọ́. Láti ìta ni ibi gbogbo ti ń wá bá wọn, lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà ojú omi àti àwọn ará erékùṣù tí òǹkọ̀wé pè ní ẹhànnà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wá ṣàkóso ilẹ̀ elòmíràn. Golding mú Ralph àti Jack nínú orúkọ wọn, ó sì yí ìtàn náà padà: kò sí ẹhànnà kankan ní erékùṣù tirẹ̀ àyàfi àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ogun ń jà. Ọkọ̀ òfuurufú tí ń kó àwọn ọmọkùnrin sá fún ogun já lulẹ̀, kò sì sí àgbàlagbà kan tí ó yè. Ralph àti Piggy rí ìkarahun òkun ńlá kan. Ralph fọn ọ́n bí ìwo, àwọn ọmọ yòókù sì pé jọ. Wọ́n fi Ralph jẹ olórí. Wọ́n ṣòfin pé ẹni tí ìkarahun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀. Wọ́n fi awò ojú Piggy dá iná, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí èéfín rẹ̀. Títí di ibí yìí, ìlú ni wọ́n ń tẹ̀dó. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tí kò sí àgbà ni erékùṣù náà. Jack, olórí ẹgbẹ́ akọrin, sọ àwọn akọrin rẹ̀ di ọdẹ. Wọ́n fi iná sílẹ̀ lọ lé ẹlẹ́dẹ̀, ọkọ̀ sì kọjá lọ.

Ibi kan wà ní orí kẹrin tí ó yẹ kí kíláàsì dúró sí pẹ́. Roger ń ju òkúta sí ọmọ kékeré kan tí ń ṣeré létí òkun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọ̀kan bà á. Golding jẹ́ kí ó yé wa pé òbí, ilé ìwé, ọlọ́pàá àti òfin ni wọ́n di apá Roger mú, bí wọn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ní orí kọkànlá, Roger yìí kan náà ni ó yí àpáta lu Piggy. Piggy kú, ìkarahun sì fọ́ túútúú. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàrin orí méjèèjì? A kò lè sọ pé àdámọ́ Roger ni ó yí padà. Ohun tí ó yí padà ni pé ó ti rí olórí tí ó fún ìkà láyè. Ní orí kẹwàá, Jack ní kí wọ́n de ọmọ kan, kí wọ́n sì nà án, kò sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ náà ṣẹ̀. Roger gbọ́, ó ronú, ó sì mọ ohun tí ayé ti dà.

Báwo ni Jack ṣe rí agbára yẹn? Ẹ̀rù ni. Àwọn ọmọ kéékèèké ń lá àlá ẹranko kan. Òkú ọmọ ogun kan tí ó já bọ́ láti òfuurufú, tí agboòrùn rẹ̀ há sórí òkè, sọ àlá náà di òtítọ́ lójú wọn. Jack ṣèlérí ẹran jíjẹ àti ààbò, wọ́n sì fi Ralph sílẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n fi orí ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ igi fún ẹranko náà, eṣinṣin sì bò ó. Ibẹ̀ ni orúkọ ìwé náà ti wá, ìtumọ̀ orúkọ Baalsebubu inú Bíbélì. Simon nìkan ni ó gun òkè lọ wò ó, tí ó rí i pé òkú ènìyàn lásán ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti wá là wọ́n lóye, wọ́n sì pa á nínú ijó wọn, wọ́n ní òun ni ẹranko. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti inú ìwé yìí jáde, tí ó ń pariwo pé ẹranko ni ènìyàn, ìwàásù Jack ni ó gbọ́, kò gbọ́ ti Simon. Ẹni tí ó gbà pé ẹranko ni aládùúgbò òun kò ní pẹ́ wá olórí tí yóò na kòbókò lé gbogbo ìlú lórí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀làjú náà kò dúró sójú kan nínú ìwé yìí. Láti inú ogun àwọn àgbà ni òkú orí òkè ti wá. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tí ó gba Ralph lọ́wọ́ ikú ya àwọn ọmọ náà lẹ́nu pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì bá wọn wí pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe báyìí. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ogun ni ó ti bọ́ sílẹ̀. Àgbà ti dé ọjà wàyí, ohun ìjà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Golding fúnra rẹ̀ kò bọ́ tán lọ́wọ́ Ballantyne. Ọ̀dà tí a fi kun ojú ni ó fi ṣe àmì pé ọmọ ti di ẹhànnà. Nínú ẹ̀dà 1954, ó fi èébú tí àwọn aláwọ̀ funfun ń bú ènìyàn dúdú sí Piggy lẹ́nu. Nígbà tí ó yá ni wọ́n yọ ọ́ nínú àwọn ẹ̀dà kan. Kò yẹ kí olùkọ́ fò ó. Ó ń kọ́ wa pé ojú òǹkọ̀wé tí ó là sí ìkà ìlú rẹ̀ lè ṣì fọ́ sí èébú ìlú rẹ̀.

Kí kíláàsì má baà rò pé bí Golding ti rò ó nìkan ni ó lè rí, ìtàn mìíràn wà tí kì í ṣe àròsọ. Ní 1965, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà ní Tonga, ọmọ ilé ìwé kan náà, wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ja tí wọn kò gba àyè rẹ̀. Ìjì gbé wọn lọ sí 'Ata, erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi wà níbẹ̀, kí Peter Warner, atukọ̀ ará Ọsirélíà, tó rí wọn ní oṣù kẹsàn-án 1966. Wọ́n dáná, wọn kò jẹ́ kí ó kú. Wọ́n dáko, wọ́n gbẹ́ igi láti fi gba omi òjò, wọ́n pín iṣẹ́, wọ́n ń gbàdúrà. Bí méjì bá jà, wọ́n á yà wọ́n sọ́tọ̀ títí inú wọn yóò fi rọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣẹ́; àwọn yòókù tò ó, ó sì jinná.

Ìdí tí 'Ata fi ṣófo tún yẹ kí a mọ̀. Ní 1863, ọkọ̀ àwọn akónilẹ́rú kó èyí tí ó lé ní 100 lára àwọn ará ibẹ̀ lọ, ọba Tonga sì kó àwọn tí ó ṣẹ́kù kúrò. Adìẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn mẹ́fà náà bá níbẹ̀, ogún àwọn tí a kó lọ ni.

A kò lè fi ọ̀rẹ́ mẹ́fà pa ẹnu ìwé Golding mọ́. Wọ́n dàgbà ju àwọn ọmọ inú ìwé náà lọ, wọ́n mọ ara wọn tẹ́lẹ̀, ilé sì ti kọ́ wọn ní oko àti ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ìtàn méjèèjì fẹnu kò lé lórí nìyẹn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ohun tí ọmọ gbé dé erékùṣù, láti ilé ni ó ti gbé e. Àwọn ti Tonga gbé àdúrà, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìlàjà dé ibẹ̀. Àwọn ti Golding gbé ẹgbẹ́ akọrin, ipò ọ̀gá àti ogun àwọn bàbá wọn dé tiwọn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ fi pa ìwé náà dé ni èyí: nínú ohun tí a ń kọ́ yín nílé àti níhìn-ín, èwo ni yóò di apá yín mú lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wò yín?