Wolé-wolé Paná, Ó ń Wo Abẹ́ Ilẹ̀kùn

Rìsíìtì mẹ́ta àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù mi ni mo fi tún ọjọ́ tí a gba láísẹ́ǹsì òwò tò. Oṣù karùn-ún ni, ní ìlú Chicago. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ló ni òwò. Alábàárù lásán ni mo bá wọn ṣe. Àbúrò mi fẹ́ máa kó èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí àti edé fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Nílé, alájàpá la ó máa pè é, owó ọwọ́ rẹ̀ àti àwọn tó mọ̀ lóko ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní Chicago, àfi kó gba láísẹ́ǹsì ẹni tó ń ta oúnjẹ fún alátúntà, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì máa ń tún un gbà.

Aago 6:20 òwúrọ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jí?” Mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ò fojú kan oorun.

Nígbà tó fi di 7:15, a ti wà nínú mọ́tò, fáìlì wà lórí itan rẹ̀. Ìwé tí ìpínlẹ̀ Illinois fi dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ wà níbẹ̀, àti nọ́ńbà owó orí, àti ìwé ilé tó háyà, àti sáàtífíkéètì ìmọ́tótó oúnjẹ. Ìwé FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, náà wà níbẹ̀: òfin 2002 ló ní kí irú ilé bíi tirẹ̀, tó ń kó oúnjẹ pamọ́ fún ará Amẹ́ríkà, forúkọ sílẹ̀; òfin 2011 ló fi kún un pé kí wọ́n máa tún un ṣe láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, ní ọdún tó bá ṣeé fi méjì pín. Èyí tó ń fi yangàn jù ni pé kó tó fọwọ́ sí ìwé ilé ló ti lọ béèrè bóyá òfin ìlú gba irú òwò bẹ́ẹ̀ ní òpópónà náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sanwó ilé tán kí wọ́n tó béèrè.

Aago 9:30 géérégé, obìnrin tí Ilé-iṣẹ́ Ìlera ìlú rán wá yẹ ilé tí àbúrò mi háyà wò kanlẹ̀kùn ibẹ̀. Wolé-wolé ni mo ń pè é lọ́kàn mi, bí kò tilẹ̀ wọ kakí. Nílé wa àtijọ́, tí wọ́n bá ti pariwo pé wolé-wolé ń bọ̀, ìyá wa á sáré da omi inú àmù nù, kí wọ́n má baà rí tanwíjí níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì, téèpù àti òṣùwọ̀n ìgbóná ni tèyí mú dání. Ó ṣí omi, ó dúró títí ó fi gbóná. Ó yẹ ibi ìfọǹkan olójú mẹ́ta wò: ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún ṣíṣàn, ọ̀kan fún oògùn tó ń pa kòkòrò. Ó béèrè bóyá ẹran wà níbẹ̀. Kò sí. Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí a kó pọ̀nmọ́ wọlé láti Nàìjíríà, bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ tó.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú téèpù. Íǹṣì mẹ́fà ló yẹ kí oúnjẹ fi jìnnà sílẹ̀. Pákó tí wọ́n to gàrí lé ti tẹ̀ lápá kan. Íǹṣì mẹ́rin ló kà. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Àpò méjìlá ni mo kó sọ̀, tí mo tún kó padà sórí pákó tuntun, ẹ̀yìn mi sì ń jẹ́rìí sí i títí di òní.

Ó gbé ọ̀rá kékeré kan.

“Kí ló wà nínú èyí?”

“Ẹ̀gúsí lílọ̀ ni, madam.”

“Ẹ̀gúsí nìkan?”

Àbúrò mi wojú mi. “Mo po edé díẹ̀ mọ́ ọn.”

Ẹ̀gúsí nìkan ni wọ́n kọ sára ọ̀rá. Edé sì wà lára ohun tí òfin ní kí a dárúkọ, nítorí ọ̀fun àwọn mìíràn lè wú pa wọ́n bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Obìnrin náà ní kí a kó gbogbo ọ̀rá náà sọ́tọ̀ títí àkọlé tuntun yóò fi dé.

Lẹ́yìn èyí ló paná. Òkùnkùn bo ilé, obìnrin náà sì dùbúlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ ìta là wọlé ní igun kan, tínínrín bí okùn. “Wọ́n á gba ibẹ̀ wọlé,” ló sọ. Èkúté ò nílò ju ihò tí pẹ́ńsù lè gbà. Ó ní òun ní ilé mìíràn láti yẹ̀ wò nítòsí, òun á padà. Rìsíìtì rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn tí mo sáré lọ rà ka 10:52.

Aago 12:20, ó tún paná. Ilé ṣú dùdù. Ó fọwọ́ sí ìwé.

Aago 1:45, a dé City Hall, ilé olópòó ràgàjì tí wọ́n parí ní 1911, a sì gun òkè kẹjọ lọ, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Mo rò pé ó ti parí. Ẹni tó dá wa lóhùn wo kọ̀ǹpútà, ó ní oúnjẹ ò ní wàhálà, gbèsè ni. Ìlú kì í fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì bí òun tàbí ẹni tí wọ́n jọ ní òwò bá jẹ ìlú lówó. Àbúrò mi tẹ ọkọ rẹ̀ láago.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò mélòó lẹ ò tíì san?”

Ọ̀kan, ni wọ́n wí. Mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà kà, gbogbo rẹ̀ lórí mọ́tò tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ́jọ́ tí ìlú fẹ́ gbá títì náà. Owó náà sì ti bímọ. Àbúrò mi fi fóònù san án, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Aago 3:40, ìwé bọ́ sí wa lọ́wọ́. A gbé e kọ́ sára ògiri, a jókòó ti àkọlé: ẹ̀gúsí àti edé, ẹ̀gúsí àti edé, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Aago 9:05 alẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó kẹ́yìn wọlé: “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ gbé mọ́tò sí? Wọ́n ti lẹ bébà olómi ọsàn mọ́ igi. Ọ̀la ni wọ́n á gbá títì.”