Ìwé Méjì Lọ́wọ́ Ọmọ Tí Ó Ń Lọ Sókè Òkun

 

Ẹ̀yin ará nínú Ìsìláàmù, nígbà tí èsì ìdánwò WAEC bá jáde, tí àwọn ilé kéú sì ti ṣe wòlímà tán, ọ̀rọ̀ kan náà ni a máa ń gbọ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà: ọmọ ta ni ó ń lọ sókè òkun, ibo ni ó ń lọ, èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀kan ń lọ Káírò, èkejì ń wá Mẹ̀dínà, ẹ̀kẹta ní ẹ̀gbọ́n òun wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbà a sì máa fi ọ̀rọ̀ kan gba ọmọ níyànjú, pé kí á wá ìmọ̀ kódà bí ó bá gbà kí á dé ilẹ̀ Ṣáínà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kí ọmọ kéú mọ̀ pé àwọn onímọ̀ hàdíìsì kò gbà á bí ojúlówó ọ̀rọ̀ Ànábì. Al-Bayhaqi ní okùn àwọn tí ó gbà á wá kò lágbára, Ibn al-Jawzi sì kó o mọ́ àwọn tí wọ́n hun. Ìmọ̀ wíwá kò nílò ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó di dandan lé wa lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí á fi ìtàn wò nìyí: nínú àwọn ọmọ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa tí wọ́n ti rin ìrìn-àjò ìmọ̀, kí ni ó mú kí ti àwọn kan yọrí, tí àwọn mìíràn sì padà wálé wá jókòó lásán? Lójú tèmi, ìwé tí wọ́n gbé lọ́wọ́ kúrò nílé ni, ju ìlú tí wọ́n lọ.

Ìrìn náà kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní nǹkan bí ọdún 1240 sí 1250, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Kánẹ́mù, lẹ́bàá adágún Ṣáàdì, fi owó ara wọn dá ilé ẹ̀kọ́ Ibn Rashiq sílẹ̀ ní Káírò, kí àwọn ọmọ wọn tí ó bá dé ibẹ̀ lè rí ibi sùn, kí wọ́n sì rí ẹni kọ́ wọn ní òfin gẹ́gẹ́ bí ìlànà Málíkì tí àwa náà ń tẹ̀lé. Ẹ wò ó dáadáa: kí wọ́n tó rán ọmọ lọ, wọ́n ti ṣètò ibi tí yóò wọ̀ sí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ìgbà tí ó pẹ́ lẹ́yìn èyí, Ìlọrin àti ilẹ̀ Haúsá ni àwọn àáfà wa ń rìn dé jù, àwọn díẹ̀ tí ó bá sì lọ sí Hájì a dúró kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́nà.

Nígbà tí òyìnbó dé Èkó, ọ̀nà kejì là. Àwọn ìjọ ajíhìnrere ni wọ́n ń la ọ̀nà yìí fún àwọn ọmọ ìjọ tiwọn. Wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Nígbà tí ó fi di 1879, Christopher Sapara Williams ti di lọ́yà ní ìlú òyìnbó. Àwọn baba wa kò fẹ́ fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn yóò ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Kírísítẹ́nì, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó ti rí ọmọ aládùúgbò tí ó wọlé bí Bàsírù tí ó jáde bí Benjamin, kí ni ó kù tí yóò ṣe? Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní 1896 ni ìjọba tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí l'Ékòó, lẹ́yìn làálàá Edward Blyden àti àwọn àgbààgbà Mùsùlùmí. Ní 1923 ni ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí gan-an. Jibril Martin di lọ́yà ní 1926. Ẹ ka ọdún tí ó wà láàárín òun àti Sapara Williams: ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Bí a ṣe pẹ́ tó nìyẹn.

Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn yára díẹ̀. Aliu Babatunde Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, lọ sí Amẹ́ríkà, ó gba oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Bethune-Cookman ní 1950, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ètò ẹ̀kọ́ ní New York University ní 1955. Ẹ̀yin ará Bàrígà, CMS Grammar School ni ó ti jáde kí ó tó lọ, èyí tí ọgbà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín láti 1959. Nígbà tirẹ̀, àárín Èkó ni ó ṣì wà. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, kò sì fi Ìsìláàmù sílẹ̀. Abdul-Lateef Adegbite wà ní King's College ní 1954 nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSS, sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Southampton, ó parí ní 1962. Àwọn wọ̀nyí gbé ìwé tí òyìnbó mọ̀ lọ́wọ́ kúrò nílé, ilẹ̀kùn sì ṣí fún wọn.

Ọ̀nà ilẹ̀ Lárúbáwá ńkọ́? Olórí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni Shaykh Adam Abdullah al-Ilori, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ní 1946 ó dé Káírò, ó fojú rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níbẹ̀: kíláàsì, ìwé tí a là sílẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Ní 1952 ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Títí dìgbà náà, wàláà àti ẹní lórí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé kéú mọ̀. Bí ọmọ bá parí, wòlímà àti láwàní ni ẹ̀rí rẹ̀, kò sí ìwé kankan tí ó lè gbé síwájú olùforúkọsílẹ̀ ní ìlú mìíràn. Markaz yí èyí padà. Ní 1961, ìjọba Sáúdíà dá Yunifásítì Ìsìláàmù sílẹ̀ ní Mẹ̀dínà, àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì dìídì dá a sílẹ̀ fún. Ní ọdún kan náà ni òfin tuntun yí Al-Azhar padà, tí ìmọ̀ ìṣègùn àti ti ẹ̀rọ fi wọ ibi tí ó ti lé ní 900 ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀sìn, tí àwọn ọmọbìnrin náà sì rí ẹ̀ka tiwọn níbẹ̀.

Ọdún 1952 tí Markaz bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n dá WAEC sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí méjì tí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá nílò, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn. Ohun tí ó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé àwa olùkọ́ kéú kan ṣe bí ẹni pé ọ̀tá ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn. A sọ fún ọmọ pé kí ó fi ìwé òyìnbó sílẹ̀, kí ó gbájú mọ́ Lárúbáwá, òun yóò rí Mẹ̀dínà. Òótọ́ ni, àwọn kan rí i. Wọ́n lo ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n gba dìgírì, wọ́n sọ èdè náà bí ọmọ onílùú. Wọ́n délé, wọ́n fẹ́ ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n béèrè ìwé WAEC tàbí NECO tí ó ní kírẹ́díìtì lọ́wọ́ wọn, kò sí. Wọ́n fẹ́ ṣe másítà ní Yunifásítì Èkó, Akọka tí ó sún mọ́ wa yìí, ìbéèrè kan náà. Mo mọ àgbà ọkùnrin tí ó ní dìgírì tí ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láti kọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ìyà tí kò yẹ kó jẹ ẹ́ ni.

Ẹnì kejì rẹ̀ ni ẹni tí ó ní WAEC, tí ìwé kéú rẹ̀ kò sì ní ìdúró. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Lárúbáwá a máa ṣe àdéhùn ìdọ́gba, tí wọ́n ń pè ní muʿādala, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: wọ́n yẹ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò, wọ́n sì gbà pé Thanawi rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiwọn. Ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní in, bí ó bá dé Káírò, wọn a fún un ní ìdánwò, wọ́n sì lè dá a padà sí kíláàsì Thanawi, àní sí Idadi. Ẹni tí ó ti ṣírò pé ọdún mẹ́rin ni òun yóò lò a wá bá ara rẹ̀ nínú ọdún méje tàbí mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ nílé yóò sì máa rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ṣómólú wa ni ibùdó àwọn atẹ̀wé. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn ilé kéú níhìn-ín a máa dán, òǹtẹ̀ rẹ̀ a máa tàn bíi wúrà. Káírò kì í wo dídán. Kí òbí tó san owó ọdún àkọ́kọ́ ní ilé kéú, kí ó béèrè lọ́wọ́ mùdíìrì: yunifásítì wo ni ó bá yín ṣe muʿādala, ìwé rẹ̀ dà? Kí ó tún béèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ìdánwò ìgbìmọ̀ NBAIS, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kàdúná, nítorí ìwé ẹ̀rí ti ìjọba ni ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà, ó sì ń dá ọ̀pọ̀ ìrìn dúró ju àìlówó lọ. Ọmọ tí à ń pè ní Lásísì nílé, Lasisi ni ó kọ sí WAEC. Olùkọ́ kéú rẹ̀ mọ̀ pé Abdul-Azeez ni orúkọ náà, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí. Ràsákì di Abdur-Razzaq, Làmídì di Abdul-Hameed. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò ní Mẹ̀dínà kò mọ̀, ènìyàn méjì ni ó rí. Ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún WAEC ni kí ẹ ti mú un dọ́gba pẹ̀lú ìwé ìbí, nọ́ńbà NIN àti pásípọ́ọ̀tù. Bí ó bá ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀, ìbúra kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni ọ̀nà rẹ̀, ó sì ń gba àkókò.

Àkókò yìí ṣe pàtàkì, nítorí Mẹ̀dínà a máa béèrè pé kí ẹni tí ó ń wá oyè àkọ́kọ́ má dín ní ọdún 17, kó má sì ju 25 lọ, kí ìwé Thanawi rẹ̀ má sì ju ọdún márùn-ún lọ. Ẹni tí wọ́n bá mú ń gba ibùgbé, owó oṣooṣù àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Nítorí náà, ejẹ́ńtì tí ó bá ní òun ń ta ààyè Mẹ̀dínà, ẹ sá fún un.

Ní ti ìròyìn àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, kò dùn púpọ̀. Ogun Líbíà ní 2011 lé àwọn ọmọ wa kúrò ní Tírípólì. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Sùdáánì ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023 bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà nínú Khartoum, títí kan àwọn tí ó wà ní International University of Africa. Ọ̀pọ̀ gba ojú ọ̀nà aṣálẹ̀ dé ẹnubodè Íjíbítì. Ẹni tí àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí ibi bẹ̀rẹ̀ ju ẹni tí tirẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì níbẹ̀ lọ, nítorí náà ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀dà kan, kí ó sì fi òmíràn ránṣẹ́ sílé. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbéyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba dìgírì ní Kùtọnù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní oṣù yẹn kan náà, Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè má mú ìyàwó, ọkọ àti ọmọ wá mọ́, àyàfi àwọn bí olùṣèwádìí. Ní 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fòpin sí sikọ́láṣípù BEA tí ó ń rán ọmọ lọ sí Mòrókò, Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti ibòmíràn. Dọ́là kan sì ti kọjá náírà 1,500 ní 2024, nítorí náà bàbá tí ó ń fi náírà san owó ilé ẹ̀kọ́ kí ó ṣírò rẹ̀ títí dé ọdún tí ọmọ yóò parí, kì í ṣe ti ọdún àkọ́kọ́ nìkan.

Ní Ṣáínà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kọ́ ìṣègùn níbẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé, ìdánwò ìgbìmọ̀ àwọn dókítà, MDCN, ń dúró dè wọ́n kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan aláìsàn.

Àwọn ìwé tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí wọn, lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè l'Ábùjá, kí ó tó kan aṣojú orílẹ̀-èdè tí ọmọ ń lọ. Kí ẹni tí yóò túmọ̀ wọn sí Lárúbáwá kọ orúkọ bí ó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ má sì ju pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ nù bí ẹ bá gba tuntun: àwọn òǹtẹ̀ ìwọlé àti ìjáde inú rẹ̀ ni ètò àgùnbánirọ̀ fi ń mọ̀ pé ọmọ náà gbé ní ìlú tí ó ní òun ti kàwé.