Nígbà Tí Ìyàwó Bá Ń Ṣiyèméjì Sí Ìtàn Ogun Tí Ọkọ Rẹ̀ Ń Sọ

Ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, kò ṣòro láti rí bàbá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sájẹ́ǹtì tàbí Bàbá Sójà. Orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹnìkan ń jẹ́ ẹ nítorí pé ó jagun lóòótọ́, òmíràn nítorí pé ó ti ṣe iṣẹ́ ọdẹ nínú bárékè rí, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ohùn líle rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ lórúkọ. Ìyàwó tó fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti bọ́ aṣọ ogun kò bá a débẹ̀. Ohun tí ọkọ bá sọ fún un ni ó mọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìtàn náà a máa yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún: nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Asaba ni ọta ti ba ọkọ lẹ́sẹ̀, nígbà tí ọmọ kẹta dé, ọta náà ti kọjá odò sí Onitsha. Níbẹ̀ ni iyèméjì ti ń wọlé.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ìyàwó jẹ́ kí bàbá máa gbádùn ìtàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìtàn nìkan ni, àbá náà kò burú. Ṣùgbọ́n owó àti ẹbí wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àjọ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun, Military Pensions Board, tó wà ní Àbújá, kì í sanwó fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun nítorí ẹ̀ṣẹ̀ lè máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ títí ayé pé ìjọba jẹ òun lówó, kí obìnrin náà sì máa ta ọjà láti fi wá owó ọkọ̀ Àbújá fún gbèsè tí kò sí. Bákan náà ni ẹni tó gbé obìnrin mìíràn níyàwó ní bárékè Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì lè gbójú fo ọdún mẹ́wàá odidi nínú ìtàn rẹ̀, kí ìyàwó ilé má baà mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà níbì kan. Ìtàn tó ní ihò yẹ fún ìbéèrè ju ìtàn tó ní àsọdùn lọ.

Ìṣirò ọdún ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ènìyàn yẹ̀ wò, kò sì gba owó. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1967, ó sì parí ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1970. Ẹni tí a bí ní 1958 jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún. Àwọn sójà wa lọ sí Kóńgò láàárín 1960 sí 1964. Wọ́n wà ní Lẹ́bánónì lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1978 títí di 1983. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG sì gúnlẹ̀ sí Monrovia ní oṣù kẹjọ, ọdún 1990. Ẹni tó bá ní òun wà ní Làìbéríà pẹ̀lú ECOMOG ní 1985 ti ṣi ọdún mú, tàbí kí ó máa purọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, Nigerian Defence Academy, kò sí kí ó tó di 1964, nítorí náà kò sí ẹni tó lè gboyè jáde níbẹ̀ ní 1961.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ̀ gba àlàyé díẹ̀ sí i, nítorí pé òun ni àwọn ará Ìjẹ̀bú ń gbọ́ jù. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà wọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gba Benin, wọ́n sì ń bọ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó. Ọ̀gágun tó ṣáájú wọn, Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Àwọn Bìáfúrà fúnra wọn ni wọ́n yìnbọn pa á ní Enugu ní ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún yẹn. Ọ̀rẹ̀ ni ogun náà ti dúró. Láti ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sọ pé "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" nígbà tí ọ̀ràn bá gbóná. Níwọ̀n bí òkìkí Benjamin Adekunle, tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú, ti borí ti gbogbo àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé òun ló kó wọn jà ní Ọ̀rẹ̀. Etí òkun ni Adekunle wà lásìkò náà: oṣù keje ni òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba Bonny. Àwọn tó lé Bìáfúrà padà láti Ọ̀rẹ̀ di ẹ̀ka kejì lábẹ́ Murtala Mohammed. Síbẹ̀, àṣìṣe orúkọ ọ̀gá kò tó láti pe àgbàlagbà ní òpùrọ́. Ohun tí ènìyàn rí ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn máa ń lọ́ mọ́ ohun tí ó gbọ́ nílé ọtí.

Ibi tí àsọdùn wọ́pọ̀ sí ni irú iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa kò ju nǹkan bí 10,000 lọ kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọlé ní kánmọ́kánmọ́, ẹlòmíràn kò sì lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́nu ẹ̀kọ́. Nínú wọn ni awakọ̀ wà, alásè wà, akọ̀wé wà, ẹni tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ wà. Sójà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sí ìdí ayò kí ó máa ròyìn ìrẹsì tí ó sè? Alásè a sọ ara rẹ̀ di ayìnbọn. Irọ́ ni, òótọ́ sì wà nídìí rẹ̀.

Àwọn ìtàn mìíràn sì wà tí wọ́n dà bí irọ́ pátápátá, tí kì í sì í ṣe irọ́. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì kó wọn lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà. Ní oṣù kẹta, ọdún 1944, ọ̀tá ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sàró, ni ó kù nínú igbó, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń fún wọn lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman mú wọn wọ ilé rẹ̀, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ fún àwọn ará Japan títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá. Fadoyebo padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1999 pẹ̀lú àkọlé A Stroke of Unbelievable Luck, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àwọn èèyàn kò ní gbà á gbọ́. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips wá abúlé náà lọ sí Bọ́mà, ó sì rí ìdílé Shuyiman. Bàbá náà ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú méjì náà. Fadoyebo gbọ́ ìròyìn yìí kí ó tó jáde láyé ní 2012. Ká ní ìyàwó kan ti fi í rẹ́rìn-ín ní 1960, kí ni ì bá fi gbèjà ara rẹ̀, yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tó ń tiro?

Ìwé ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnu kò bá tó. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ní ọ̀nà ẹ̀tọ́ ń gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ó tún ní nọ́ńbà iṣẹ́ tí kì í gbàgbé. Àwọn àgbà sójà a máa ka nọ́ńbà yìí bí oríkì. Nínú nọ́ńbà àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣe ọ̀gá, ọdún tí ènìyàn wọlé ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni NA: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 76NA kò lè sọ pé òun bá wọn jagun Bìáfúrà gẹ́gẹ́ bí sójà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ̀yìn tì lásìkò ló tún gba ibùdó tó wà ní Òṣòdì, l'Ékòó, kọjá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀ náà. Ẹ̀wẹ̀, àìsí owó ìfẹ̀yìntì kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ọkọ ń pa. Àwọn kan tí wọ́n gbà wọlé ní 1967 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí iye ọdún tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí i tó pé. Àwọn tó jà fún Bìáfúrà, tí wọ́n sì ti lé kúrò, dúró títí di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2000, kí Ààrẹ Ọbásanjọ́ tó yí ìlékúrò wọn padà sí ìfẹ̀yìntì.

Ìjẹ̀bú tún ní ìwé tirẹ̀ tí a kò kọ sínú tákàdá. Régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn tí a bí ní ìgbà kan náà, èyí tí Awùjalẹ̀ Síkírù Adétọ̀nà tó wàjà ní oṣù keje, ọdún 2025, sọ jí, mọ ọmọ ẹgbẹ́ tó kúrò nílé àti ọdún tí ó padà. Ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí a mọ̀ sí Nigerian Legion fún ọ̀pọ̀ ọdún, náà tún mọ ara wọn. Sójà gidi kì í pẹ́ mọ ẹni tí kò sùn ní bárékè rí: ìbéèrè méjì nípa orúkọ ẹ̀ka àti orúkọ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyàwó tó bá wo bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń ṣe ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, yóò rí ohun tó pọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ogun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tó ń sá fún àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdí kan wà níbẹ̀.

Irú nǹkan báyìí kò mọ sí ilẹ̀ wa. Ní Kalifóníà ní 2007, Xavier Alvarez, tí wọ́n yàn sí ìgbìmọ̀ omi agbègbè kan, sọ ní ìpàdé pé òun lo ọdún 25 nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Marines, wọ́n sì fún òun ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ. Kò ṣe iṣẹ́ ogun rí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ní 2012 pé irọ́ lásán kò tó láti sọ ènìyàn di ọ̀daràn, wọ́n sì fagi lé òfin náà. Ní 2013 ni wọ́n ṣe òmíràn, èyí tó mú ẹni tó bá fi irọ́ bẹ́ẹ̀ wá owó tàbí èrè. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ẹni tó ní òun jẹ́ sójà Amẹ́ríkà lè béèrè fún ìwé tí wọ́n ń pè ní DD 214. Ṣùgbọ́n iná jó ilé àkọsílẹ̀ wọn ní St. Louis ní 1973, ó sì run nǹkan bí mílíọ̀nù 16 sí 18 fáìlì, nítorí náà àìrí ìwé lọ́hùn-ún náà kì í ṣe ẹ̀rí irọ́ nígbà gbogbo.

Ní Nàìjíríà, òfin kọ̀ ọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ológun láti wọ aṣọ ogun kiri. Bí ọkọ bá ní aṣọ náà nínú àpótí tí kò sì ní ìwé, ó dára kí ìyàwó bá a sọ ọ́ kí ọlọ́pàá tó bá a sọ ọ́. Irọ́ nípa iṣẹ́ àtijọ́ nìkan kì í sábà tú ìgbéyàwó ká ní kóòtù.

Ọ̀nà tí obìnrin gbà ń béèrè ṣe pàtàkì. Níwájú àwọn ọmọ tàbí àwọn àna kọ́ ni yóò ti sọ pé, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ jẹ́ ká rí ìwé yín." Ẹni tó jagun gidi lè máa lálàá burúkú, ó sì lè má fẹ́ rántí, ó wọ́pọ̀ pé ẹni tó rí jù ni kì í sọ púpọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò fún àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ìyàwó lè bá ọkọ rẹ̀ lọ, kí ó sì béèrè níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ó bá kú. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kà síta, ọkọ ṣì wà láàyè láti ṣàlàyé, ó sì lè yí i padà.